Ta ni Yóò Jókòó sí Àga Àárín?

Ní ọdún kẹta tí mo gba àkóso ẹgbẹ́ ìdíje sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ wa ní Yábàá, a gba ipò kejì ní gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó, ipò tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kò dé rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ó má baà dà bí ẹni pé ìtàn àwọn tí ó kùnà ni mo fẹ́ sọ. Síbẹ̀, bí mo bá rántí àkókò náà, kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Òórùn yàrá àyẹ̀wò wa ni: òórùn gáàsì àti ṣọ́ọ̀kì, pẹ̀lú òórùn oúnjẹ àwọn ọmọ tí ó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé tọ̀ wá ní àkókò ìsinmi. Ìrẹsì tí ata rẹ̀ ta sánsán, mọ́ínmọ́ín inú ewé, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àwọn ará Kàlàbá, ọ̀kpá àwọn ará Enúgù, gbogbo rẹ̀ yóò dàpọ̀ mọ́ra wọn nínú atẹ́gùn kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ wa rí. Ìdánwò tí ó le ni a fi ń yàn wọ́n wọlé, kì í ṣe ìlú baba wọn, nítorí náà bí mo bá ń pe orúkọ ní àárọ̀, ńṣe ni mo máa ń rìnrìn àjò káàkiri orílẹ̀-èdè yìí láì kúrò lójú kan. Ọmọ kọmíṣọ́nnà ń bẹ níbẹ̀, ọmọ aránṣọ Téjúoṣó sì jókòó tì í. Mo máa ń fi èyí yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo máa ń sọ pé lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí ó wà nínú orí ọmọ nìkan ni a ń wò. Èmi fúnra mi gbà á gbọ́, títí di ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Ìlànà ìdíje náà ni pé ọmọ mẹ́ta ni yóò ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì tí wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ni yóò ṣe ìṣirò, wọn yóò sì sọ èsì rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí ẹni tí ó wà ní àárín. Ẹni àárín nìkan ni ó lè ya ẹnu. Nítorí náà, bí ìdáhùn bá tọ̀nà, òun ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún. Bí ó bá sì wọ́, òun náà ni gbogbo ojú yóò wò. Ọmọbìnrin kan láti Pápá Àjàó ni mo fi sí àga àárín ní ọdún náà. Baba rẹ̀ ń jó irin ní ẹ̀bá títì níbẹ̀, ará Ìsẹ́yìn ni, mùsùlùmí òdodo. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ ná. Ní apá ọ̀tún rẹ̀ ni ọmọkùnrin Ìgbò kan wà, tí baba rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládìpọ̀. Mùṣín ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Ní apá òsì ni ọmọbìnrin Ìbìbíò kan wà, ọmọ nọ́ọ̀sì, tí ó máa ń ṣe ìṣirò bí ẹni tí ń hun irun.

Ìdíje àṣekágbá bọ́ sí inú oṣù ààwẹ̀, lọ́sàn-án gangan. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà ni ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin tí ó mọṣẹ́ ni, kì í sì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n àwọn òbí tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ wátsáàpù kì í jẹ́ kí ó mí.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọmọ tí ó ń gbààwẹ̀ yẹn, ẹ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọmọ aláàwẹ̀ tí a fi sí àárín nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lórí àga."

Mo ní, "Màdáàmù, èyí kì í ṣe irú ìyẹn. Ọmọ yìí lágbára. Ààwẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan."

"Bí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní kí ó jẹ́ kí n rò ó. Láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú ọmọ náà ní kíláàsì bí dókítà. Bí ó bá yán, ọkàn mi á fò. Bí ó bá gbé orí lé ọwọ́, n óò dúró sórí gbólóhùn tí mo ń sọ. Nílé wa ní Ìtirẹ́, mo ń rìn lọ mo ń rìn bọ̀, títí ìyàwó mi fi ní, "Bàbá, ẹ jókòó o. Ẹ ti sọ pálọ̀ yìí di títì márosẹ̀." Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bí mo bá yọ ọmọ náà, ojú wo ni n óò fi wò ó? Bí mo bá fi í sílẹ̀, tí a sì pàdánù, n óò ti ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo ọmọ aláàwẹ̀ tí yóò tẹ̀lé e.

Ilé-ẹ̀kọ́ kì í sì í pa àṣírí mọ́. Kí ó tó di Ọjọ́rú, ọmọ náà wá bá mi ní yàrá àyẹ̀wò.

"Sà, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ yọ mí?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Gbogbo kíláàsì ló mọ̀, sà. Mi ò lè torí ìdíje ṣínu o, sà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jókòó níbẹ̀."

Mo ní kí ó lọ ka ìwé rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà, mo sì sọ fún un pé ọmọ náà ni yóò jókòó sí àárín, kí ẹ̀bi wá sí ọrùn mi bí a bá ṣubú. Ó wò mí títí. "Mo gbà," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ́, Ẹ̀gbọ́n, kò ní bá wọn lọ sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì ní sí ọmọ aláàwẹ̀ kankan nínú ẹgbẹ́ yẹn mọ́. Ẹ má bínú sí mi nígbà náà." Ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí ó bá ṣíwájú lọ́jọ́ náà ni yóò lọ sí ti gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, mo na búrẹ́dì àti ẹyin sí àwọn méjì tí kì í ṣe mùsùlùmí. Ọmọbìnrin Ìbìbíò ní inú ń run òun díẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní òun ti jẹun nílé.

Ọmọbìnrin àárín yíjú sí i. "Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń jẹ tìẹ, tó o tún máa ń jẹ tèmi mọ́ ọn?"

"Àlàájà, gbẹ́nu dákẹ́ jàre," ó dá a lóhùn. "Aláàwẹ̀ kì í pariwo."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ojú mi kò kúrò lára ọmọ kan ṣoṣo, n kò sì rí àwọn yòókù.

Ooru mú nínú gbọ̀ngàn náà. Àwọn fáànù òkè ń yí bí ẹni tí wọ́n bẹ̀ níṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ wa ń lọ dáadáa, a tilẹ̀ ṣíwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń pẹ́, àwọn ìdáhùn tí ó ń jáde láti àga àárín bẹ̀rẹ̀ sí wọ́. Ìbéèrè tí a ti ṣe ní àìmọye ìgbà kọjá lọ. Mo rí ọ̀gá àgbà ní ìlà iwájú tí ó ń mi orí. Níkẹyìn, ó ku ìbéèrè kan tí yóò ya ipò kìíní sọ́tọ̀ kúrò lára ipò kejì. Ọmọkùnrin náà ṣe ìṣirò, ó sì sọ ọ́ sí etí ọmọbìnrin àárín. Ọmọ náà wò ó lójú lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí ó fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n mo ti kọ́ wọn pé kí ẹni àárín má ṣe tún ìṣirò ọmọnìkejì rẹ̀ ṣe. Ó sọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Kò tọ̀nà.

Níta, ní orí àtẹ̀gùn, ọ̀gá àgbà ti ń dúró dè wá. Ohùn rẹ̀ kò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni. "Ẹ̀yin náà rí i, Ẹ̀gbọ́n." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ebi ni. Ẹlòmíràn ni yóò lọ sí èyí tó kù."

Ọmọ náà tẹ orí ba. Kò sọ pé ẹlòmíràn ni ó ṣe ìṣirò náà. Ọmọkùnrin yẹn ni ó bọ́ síwájú.

"Mà, kì í ṣe òun o. Èmi ni. Ojú mi ti ń ṣú láti ìgbà tí wọ́n ti tan iná sí wa lójú. Nọ́ńbà ò dúró síbì kan mọ́."

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ààwẹ̀ ni, mà."

Ọ̀gá àgbà wò mí. Èmi náà wò ó. Ọmọbìnrin Ìbìbíò ní, "Èmi náà, mà. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ yọ ẹni tó bá ń gbààwẹ̀. A ní, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ yọ gbogbo wa."

"Ṣùgbọ́n a kò yọ ọ́!" ni mo pariwo.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n a ti bẹ̀rẹ̀."

Ọmọbìnrin àárín kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó wo àwọn méjèèjì bí ẹni pé òun kò rí wọn rí. "Kí lẹ jẹ ní sààrì?"

"Kí ni sààrì?" ni ọmọkùnrin náà bi í.

"Oúnjẹ ìdájí! Ẹ ò jẹun láti àná?"

"Ṣé wọ́n máa ń jẹun ni?"

Ó di ẹnu mú, ẹ̀rín sì gbé e ṣubú lé ògiri. Èmi tí arákùnrin baba mi jẹ́ lèmọ́mù, èmi tí àwọn ajíwéré máa ń jí lójú oorun ní àdúgbò mi lọ́dọọdún, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ọmọ kan lè dàgbà sí Mùṣín kí ó má mọ̀ pé aláàwẹ̀ máa ń jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀gá àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn, tòun ti aṣọ léèsì rẹ̀. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó sì tún un nù. "Ẹ fún àwọn ọmọ yìí lóúnjẹ," ni ó wí fún mi.

Wọn kò fẹ́ gbà á. Wọ́n ń wo ọmọbìnrin náà. Ó ní, "Ẹ jẹun jàre. Ààwẹ̀ yín ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀." Búrẹ́dì kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òun dúró tì wọ́n títí oòrùn fi ń rẹlẹ̀, ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ pé kí ọmọ aláàwẹ̀ má jókòó. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè, òun sì ni ó wà ní àárín. Gbogbo wọn jẹun yó lọ́jọ́ náà, a kò sì gba nǹkan kan bọ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi títí di òní ni èyí. Nígbà tí mo ń gbèjà ọmọ náà, agbára rẹ̀ ni mo fi gbèjà rẹ̀: mo ní ààwẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan. Òótọ́ ni, ọjọ́ náà sì gbè mí lẹ́sẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun gan-an ni ojú rẹ̀ ṣú lórí àga ńkọ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ mi ì bá ti tán lẹ́nu mi níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ méjì yẹn kò bi ara wọn bóyá ó lágbára. Wọ́n ti gbà pé tiwọn ni, wọ́n sì mú ebi rẹ̀ pín. Mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ẹ̀yà pé sí, mo sì rò pé ìdájọ́ òdodo ni kí n má ṣe wo ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn wò ó dáadáa, wọ́n sì gbé e lé ara wọn lórí.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ̀yìn tì, olùkọ́ ọ̀dọ́ tí yóò gba ẹgbẹ́ náà bi mí pé, "Sà, báwo ni mo ṣe máa mọ ẹni tí màá fi sí àárín?" Mo ní kí ó fara balẹ̀ yan ọmọ náà. Mo ní bí ó bá sì ti yàn án tán, kí ó má ṣe jẹ́ kí ọmọ náà tún máa fi ẹ̀rí agbára ra ìjókòó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì yé. Mo fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn sáà kẹta.