Ta Ló Fọwọ́ Kan Iṣẹ́ Afusat?

Afusat ń ta ṣájà àti bátìrì fóònù ní Jákàńdè. Ó pẹ́ tó ti ń wù ú láti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹ̀rọ lọ́rọ̀, ló bá forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ikate. Ọmọdé ló kún ibẹ̀. Akíndàmọ́lá, dírẹ́bà tó ń ti Lakọwe wá, nìkan ni ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jọ ń jókòó.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni kí wọ́n fi C, èdè kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò tí yóò béèrè orúkọ èèyàn, tí yóò sì kí i káàbọ̀. Orí fóònù ni Afusat ti tẹ tirẹ̀ nílé. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó fi ránṣẹ́ sí ara rẹ̀ lórí Wasáàpù. Ní kíláàsì, ó dà á sórí kọ̀ǹpútà, ó sì lọ kírun Alásárì. Nígbà tó dé, tó ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ ètò náà, àṣìṣe rọ́ jáde, ó pupa fòò. Ètò Akíndàmọ́lá ti ń kí i káàbọ̀ ní tirẹ̀.

Ọkàn Afusat kò lélẹ̀ mọ́. Ohun tó wà lórí fóònù mọ́, àbí? A jẹ́ pé ẹnì kan ló fọwọ́ kan án. Ó rántí pé Akíndàmọ́lá ti béèrè ibi tí òun bá iṣẹ́ dé. Ẹ̀pà tó fún un jẹ pàápàá wá ń kọ ọ́ lóminú.

Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, ó tún da iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà, ó ṣe bí ẹni ń lọ kírun, ó sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò pẹ́ tí Akíndàmọ́lá fi na ọwọ́ sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Afusat wọlé.

“Bùọ̀dá Akíndàmọ́lá, kí lẹ ń wá nídìí iṣẹ́ mi?”

Akíndàmọ́lá ní ṣájà kọ̀ǹpútà náà ló yọ, òun ń kì í bọ̀ ọ́ padà ni. Afusat kò gbà. Lójú gbogbo kíláàsì ló ti sọ pé ó ti ń ba iṣẹ́ òun jẹ́ láti ọjọ́ yìí.

“Ẹ pe Àǹtí wá wò ó,” ni ọkùnrin náà sọ.

Àǹtí Fúnmilọ́lá, olùkọ́ wọn, ní kí Afusat tún un dà sórí kọ̀ǹpútà láti orí fóònù lójú gbogbo wọn. Àṣìṣe kan náà ló jáde. Àǹtí wá mú kí lẹ́tà tóbi sí i: àwọn àmì àyọlò tó yí ọ̀rọ̀ ìkíni ká tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ti Akíndàmọ́lá sì dúró ṣánṣán.

“Fóònù yín ló tẹ̀ wọ́n báyìí, mà,” ni Àǹtí wí. “Lójú tirẹ̀, lẹ́tà sí èèyàn lẹ ń kọ. Èdè C kò mọ èyí tó tẹ̀.”

Afusat pa wọ́n rẹ́, ó tẹ èyí tó dúró. Àṣìṣe kan péré ló kù. Ẹ̀rọ ń tọ́ka sí ìlà kan tí kò ní àléébù, àṣé ìlà òkè rẹ̀ ni kò ní àmì ìparí. Ó fi í sí i. Ètò náà béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì kí i káàbọ̀.

Ó bẹ Akíndàmọ́lá. Ìyẹn ní kò sí wàhálà, wọ́n ṣì jọ ń jókòó. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí Afusat bá ti dìde lọ kírun, òun náà á dìde, á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà níbi tí gbogbo kíláàsì ti lè rí i, títí obìnrin náà yóò fi padà.