Ẹni tó ń pè mí ní Àyìnlá

Òórùn ẹja yíyan àti ti ọ̀sà ló máa ń kọ́kọ́ kí mi láàárọ̀ nílé tí mo sá wọ̀ lẹ́yìn ọjà Dantokpa. Ọ̀rẹ́ mi, o mọ ohun tó gbé mi dé Kútọnu: mo tú àṣírí àwọn ọ̀gá wa tó ń kó oògùn àwọn ọmọdé tà nílé ìwòsàn ìjọba, ìjọba bá ní èmi gan-an ni ọ̀daràn. Mo sọdá ẹnubodè, mo sọ ara mi di Rájí. Àfi bí ìyá onílé, Yorùbá Nàgó láti Pobè, ṣe bi mí láàárọ̀ àkọ́kọ́ pé, "Kí ni oríkì rẹ? N kì í fi orúkọ lásán jí ọmọ èèyàn." Ẹnu mi sọ òótọ́ kí n tó ronú. Ta ni yóò parọ́ oríkì tí ìyá rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ? Látọjọ́ náà, "Àyìnlá, o jí ire bí?" ló fi ń ké sí mi lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ilé sì ń gbọ́. Ìkíni yẹn nìkan ni ayọ̀ mi lójúmọ́.

Nírọ̀lẹ́, a máa ń pé jọ sídìí rédíò rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìròyìn mi kì í tán níbẹ̀. Ìjọba ilé ti ní kí ìjọba tibí mú mi fún àwọn. Ọlọ́kadà tó ń gbé yàrá kejì ní akọni ni mí. "Akọni kẹ̀?" ni aránṣọ tí òun náà ń gbé ilé wa fèsì. "Ẹni tó tú àṣírí ilé baba rẹ̀ síta?"

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún jàre! Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké," ni ọlọ́kadà dá a lóhùn.

Wọ́n ń jà lórí mi, mo jókòó sáàárín wọn, mi ò lè là á pé èmi rèé. Àṣé àwọn oníròyìn ti dé ọ̀dọ̀ ìyá mi. Lójijì ni ohùn rẹ̀ jáde nínú rédíò: "Àyìnlá mi, má wálé o!"

Gbogbo ojú yí sí mi.

Ìyá onílé lu itan rẹ̀. "Kí lẹ ń wò? Oríkì ọmọ mi ọkùnrin tó kú ni mo fi ń pè é, mo rò pé yóò tù mí nínú. Ó tó gẹ́ẹ́, mi ò pè é mọ́. Rájí, lọ bu omi àlùwàlá wá fún mi."

Ni wọ́n bá ń bá a kẹ́dùn. Ìgbà tó yá ni ọmọbìnrin rẹ̀ sọ fún mi pé màmá òun ò bí ọkùnrin rí. Ta ló ń fi ikú ọmọ parọ́ nílẹ̀ wa?

Rájí ni mo ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀ títí mo fi kó lọ sí Ekpè. Lọ́jọ́ náà ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ètè rẹ̀ gbọ̀n. Aránṣọ wà nítòsí. "Rájí, ó dàbọ̀," ló wí.

Látìgbà náà, ìyá mi ti kú, ìyá onílé náà ti kú. Ọkàn mi ṣófo, mi ò ní parọ́ fún ọ. Bílẹ̀ bá mọ́, mo máa ń kí ara mi pé, "Àyìnlá, o jí ire bí?" Kò dùn rárá. Oríkì ò ṣe é fi kí ara ẹni. Ó dìgbà tí ẹlòmíràn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà.