Bàbá Tó Máa Ń Fi Ọwọ́ Sí Etí

Kí bàbá onílé mi ní Òṣogbo tó dá èèyàn lóhùn, wọ́n á kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí etí, kódà bó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ géètì lo béèrè. Ládàánì ni wọ́n. Ìrun pípè ló sọ ọ́ di bárakú fún wọn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ onígìtá líle kan tí mo fẹ́ràn, ará òkè òkun, gbé àwo orin tuntun jáde. Akọrin wọn tó máa ń ké ramúramù bíi kìnnìún wá ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọrin. Lórí ayélujára, àwọn olólùfẹ́ wọn ń bú u, àwọn lámèyítọ́ ní kó lọ sinmi.

Bàbá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kí ló dé tí ojú mi le. Mo ṣàlàyé.

"Tàn án kí n gbọ́."

Wọ́n fi ọwọ́ sí etí, wọ́n gbọ́ orin kan tán.

"Ariwo gìtá yẹn pọ̀ jù fún mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ò purọ́. Ibi tí ohùn rẹ̀ mọ ló kọrin mọ. Ṣé kó wá ya ọ̀fun ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí ti ń sọ pé ohùn bàbá ti lọ sílẹ̀, pé kí wọ́n máa tan ìrun pípè tí wọ́n gbà sínú fóònù dípò tiwọn. Látìgbà náà ni bàbá ti ń fipá pariwo, tí wọ́n á sì máa wúkọ́ dalẹ́.

Nígbà tí ìrun alásárì tó lọ́jọ́ náà, bàbá ò pariwo. Ohùn kékeré tó kù ni wọ́n fi pè é, ó rọra ń gba orí páànù kọjá. Èmi tí kì í kírun, mo pa orin mi, mo fi ọwọ́ sí etí.