Gbòǹgbò Ẹ̀wà Tí Kò Ní Kókó

Olùkọ́ ni mí ní kòlẹ́jì kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Tí mo bá kan ẹ̀kọ́ lórí bakitéríà inú ilẹ̀, n kì í ya àwòrán sójú pátákó. Ilẹ̀ ìyá mi ní ìkángun Tokpota ni mo máa ń lọ, n ó hú ẹ̀wà kan tòun ti gbòǹgbò, n ó fọ̀ ọ́, àwọn ọmọ á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà máa ń wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà. Tí ẹ bá fi èékánná là wọ́n, inú wọn pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ni bakitéríà ń gbé. Ẹ̀wà fún wọn nílé, àwọn náà ń bá a fa oúnjẹ láti inú afẹ́fẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Nígbà tí mo lọ lọ́dún yìí, gbòǹgbò àkọ́kọ́ tí mo hú mọ́ bí òwú. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ ilẹ̀ gbẹ́. Mo hú òmíràn, mo tún hú òmíràn. Kò sí kókó kankan.

“Kí ló dé, Mẹ̀tírì?” ni ìyá mi bi mí. Bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe olùkọ́ nìyẹn, òun náà sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ tó bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Mo fi gbòǹgbò náà hàn án. Inú rẹ̀ dùn. “Àbí o ò rí i? Oògùn yẹn ò pa koríko nìkan, ó ti wo ilẹ̀ sàn.”

Tòmátì ni ìyá mi ti ń gbìn tẹ́lẹ̀, kókó tí kòkòrò ń dá sára gbòǹgbò ló sì pa tòmátì náà run. Láti ìgbà náà, ọ̀tá rẹ̀ ni kókó yòówù tó bá rí nínú ilẹ̀. Nígbà tó wá rí gbòǹgbò ẹ̀wà tó ń dán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ròyìn oògùn koríko náà fún àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè Kraké wọlé láti Nàìjíríà ni. Ìdérí kan ni ẹni tó tà á ní kó máa bù sí pọ́ǹpù tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn fọ́n ọn, ṣùgbọ́n ìyá mi kì í ṣahun sí koríko tó bá lágídí.

Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún, kò lè bẹ̀rẹ̀ ro ilẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Kùtọnu, sì fẹ́ ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó ń kọ́lé. Àdéhùn àwọn méjèèjì ni pé níwọ̀n ìgbà tí ìyá mi bá ṣì ń gbìn ín, ẹnikẹ́ni ò ní í tà á. Ọjọ́ tí koríko bá gbà á, ó parí.

Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, níbi tí ìyá mi kì í fọ́n oògùn sí nítorí ewúro tó máa ń já níbẹ̀. Ẹ̀wà díẹ̀ ti lalẹ̀ hù níbẹ̀. Mo hú u, kókó kún gbòǹgbò rẹ̀. Mi ò lè búra pé oògùn nìkan ló fà á, ilẹ̀ náà ní àrùn tirẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò kan náà ló ń rọ̀ sí ibi méjèèjì.

“Ẹ̀wà kì í ṣe tòmátì, ìyá mi,” ni mo wí. “Kókó ti ẹ̀wà ló ń bọ́ ọ.”

Ó mú gbòǹgbò méjèèjì dání, ó wò wọ́n títí. “Ṣé àwọn tó ń bọ́ ọ ni mo pa?”

“Ẹ ò mọ̀.”

“Mi ò bi ọ́ bóyá mo mọ̀.”

Ẹyin lohùn lóòótọ́, ó ti balẹ̀, ó ti fọ́.

“Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa ro ilẹ̀ náà?” ni ìyá mi bi mí. Mo ní èmi ni, pé n ó máa wá ní gbogbo Sátidé.

Ẹ̀wà tí a ká kò tó nǹkan. Ẹ̀yìn ìkórè ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ilẹ̀ náà, kó lè ṣe é gbìn padà. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó, èmi tí ṣọ́ọ̀kì nìkan ni mò ń dì mú. Sátidé díẹ̀ ni mo lọ, ìdánwò àwọn ọmọ dé, mo jókòó ti ìwé wọn. Òjò ò dúró dè mí. Koríko ga dé orúnkún, ẹ̀gbọ́n mi sì pè mí lórí fóònù: “Mo gbọ́ pé koríko ti ń gba ibẹ̀.” Kò pariwo rárá. Inú bí mi sí i, ó sì bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo padà débẹ̀, ìyá mi ti gbé pọ́ǹpù síta, ṣùgbọ́n kò lè gbé e kọ́ ẹ̀yìn mọ́. Mo ní kó jẹ́ kí n tún gbìyànjú ọkọ́.

“Ilẹ̀ tó ń ṣàìsàn ṣì jẹ́ ilẹ̀ mi,” ló wí. “Tí wọ́n bá tà á, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀?”

Mo fa omi nínú kànga, mo bu oògùn sí i, mo gbé pọ́ǹpù náà kọ́ ẹ̀yìn ara mi. Ìyá mi ṣáájú, ó ń fi ọwọ́ júwe ibi tí koríko ti pọ̀ fún mi, èmi sì ń fọ́n ọn.