Jẹnẹrétọ̀ Tí Kò Tan Iná Kankan

Gbajúmọ̀ aránṣọ ni Téńlọ̀ ládùúgbò wa. Bó bá ti tan jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo òpópónà á mọ̀ pé ọlọ́lá ti jí. Ìyàwó rẹ̀ tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè bá a sọ̀rọ̀ láìkígbe. Oníbàárà kan sọ pé, "Ẹ má gé e kúrú o!" "Gé e kúrú" nìkan ni Téńlọ̀ gbọ́. Orúnkún ni ṣòkòtò ọkùnrin náà mọ. Kò burú, ọlá ò kúkú wá lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí ọmọ wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ra sólà ránṣẹ́, inú bí Téńlọ̀.

"Ta ló máa mọ̀ pé iná wà nílé mi? Oòrùn tí aláǹgbá ń yá lọ́fẹ̀ẹ́!"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Dádì, etí mi ń hó láti ọdún mẹ́rin. Dókítà ní kí n sá fún ariwo."

"Fi òwú dí i."

Ṣùgbọ́n ọmọ ò yéé pè. Níkẹyìn, Téńlọ̀ ní kí wọ́n gbé sólà náà sẹ́yìn òrùlé, níbi tó jẹ́ pé ẹyẹ nìkan ló lè rí i. Bí sólà ṣe ń yí ẹ̀rọ ìránṣọ àti fáànù nìyẹn, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń ké látàárọ̀ dalẹ́ láìtan gílóòbù kan ṣoṣo. Epo ń jó kí aládùúgbò lè gbọ́. Ọgbọ́n ju ọgbọ́n!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alága àwọn onílé wá wọn kóòtù. Téńlọ̀ fi téèpù yí i níkùn báyìí ni jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Fáànù ń yí lọ ní tirẹ̀.

Alága wo fáànù. Ó wo Téńlọ̀ tí òógùn ti bò. Ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Sólà ni, àbí? Èmi náà ní i. Ó ti pé ọdún méjì. Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́."

"Kí lẹ wá ń fi í pamọ́ fún, sà?"

"Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀rù! Jẹnẹrétọ̀ yín ló ń dún jù. Mo ní ẹ ó máa fojú tálákà wò mí."

Nínú ìdákẹ́jẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ fi sílẹ̀, Téńlọ̀ gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nídìí ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín náà kẹ́yìn. Ojú tì í gan-an. Kò pe ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe mọ́.

Lọ́sẹ̀ kejì, òun àti alága gbé sólà wọn síwájú òrùlé. Téńlọ̀ ń sọ kiri pé ó ti pẹ́ tóun ti ń gba aráyé nímọ̀ràn. Kò pé oṣù mẹ́ta tí sólà fi di ohun tí ọmọlúwàbí gbọ́dọ̀ ní. Aláṣerégèé kan tiẹ̀ kan pátákó sólà kan mọ́ orí ilé, kò ní bátìrì, kò ní wáyà. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè lọ́wọ́ oníná ni pé apá ibo ló yẹ kó kọjú sí kí àwọn tó ń kọjá lè rí i dáadáa.