Ohùn Tí Àtẹ̀gùn Gbà Lọ́wọ́ Wa

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni a pàdánù. Mo fẹ́ kí o mọ èyí ṣáájú, ọ̀rẹ́ mi, kí o má baà rò pé ìtàn ilé kíkọ́ ni mo fẹ́ sọ. Títí di òní, bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kọjá, tí òórùn sìmẹ́ńtì tútù àti ọ̀dà tuntun gbà mí nímú, ohùn yẹn ni etí mi máa ń wá. Ó nípọn díẹ̀ nísàlẹ̀, ó mọ́ kedere lókè, ó sì lè dá orin sílẹ̀ láìsí dùùrù kí ìjọ tó ráyè dìde dúró. Ó ti dákẹ́ báyìí. Àrùn kọ́ ló pa á lẹ́nu mọ́, ọjọ́ orí sì kọ́. Àwọn tó ṣe é ṣì ń bọ̀ mí lọ́wọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ìgàndò ni ìjọ wa wà, lẹ́yìn títì ńlá tó ti Ìkòtún wá. Gbọ̀ngán onípákó ni ilé ìsìn wa àkọ́kọ́, páànù ni òrùlé rẹ̀, bí òjò bá sì ti ń rọ̀, ìwàásù ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ pẹ̀lú ojú ọ̀nà. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi láti kékeré, orí àga onítáyà ló wà. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àga náà wọlé, yóò yà sápá ọ̀tún, yóò sì mú ipò rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ akọrin. Òun ló ń lé orin. Aránṣọ ni, àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa ti Akòwọ́njó wá, òun ló sì rán gbogbo aṣọ akọrin wa, elésè àlùkò tó ní ọ̀já funfun lọ́rùn. Ọwọ́ ló fi ń yí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, yóò sì máa kọrin lé ìró rẹ̀ lórí, tó fi jẹ́ pé kí n tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni n ó ti mọ orin tí a ó gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi.

Nígbà tí èrò pọ̀ sí i, ìjọ pinnu láti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ṣọ́ọ̀bù tí a ó fi háyà nísàlẹ̀, ilé ìsìn lókè. Níbi ìpàdé gbogbo ìjọ, èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama dìde, mo béèrè ibi tí ẹni tí kò lè fẹsẹ̀ rìn yóò gbà gòkè. Mo ní òfin ìjọba àpapọ̀ wà lórí rẹ̀, ti Ìpínlẹ̀ Èkó náà sì wà: ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga onítáyà lè gbà. Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé, àgbà ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná.

"Bùrọ̀dá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí á wá kọ́lé de àìsàn ni? Ẹ máa sọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ o! Kí á tó kan òrùlé ilé yìí, sísìtá wa á ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn. Á tún sáré gùn ún!"

"Àmín!" Gbogbo ilé ló dáhùn, páànù sì mì. Ẹ̀gbọ́n mi náà ṣe àmín. Nígbà tí à ń lọ sílé, mo bi í pé kí ló dé. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Bí mi ò bá ṣe é ńkọ́? Wọ́n á ní èmi gan-an ni mi ò fẹ́ dìde. Jẹ́ kí n ṣe àmín mi jàre."

Láti ọjọ́ náà ni ẹnu mi ti di. Ta ni yóò tún dìde láàárín àwọn onígbàgbọ́ pé kí ẹ̀gbọ́n òun má rìn? Wọ́n ti fi àdúrà mọ odi sójú ọ̀nà, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan odi náà di ọ̀tá Ọlọ́run. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò pàápàá wá. Wọ́n wọn bí ilé ṣe jìnnà sí gọ́tà, wọ́n kan òpó wò, wọ́n mu omi tútù tí a gbé fún wọn, wọ́n buwọ́ lu ilé náà, wọ́n sì lọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó wo àtẹ̀gùn náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tí a ṣí ilé náà, géńdé mẹ́rin ló gbé ẹ̀gbọ́n mi gòkè tòun tàga. Ọmọlúàbí ni àwọn ọ̀dọ́ náà, n kò lè purọ́ mọ́ wọn. "Àǹtí, ẹ kú orí oyè o! Àwa lẹrú yín lónìí," ni ọ̀kan wí. Èkejì tó ń làágùn ní, "Kábíyèsí, ẹ bá wa dín ìrẹsì kù o!" Èrò tó wà lórí àtẹ̀gùn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ti ká sókè dé orúnkún, ẹsẹ̀ tín-ín-rín tó ti ń bò láti ìgbà ọmọdébìnrin wà níta gbangba, kò sì lè fà á wálẹ̀ nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di àga mú kí ó má baà ṣubú.

Èyí tó burú jù ni ilé ìtọ̀. Ìsàlẹ̀ ló wà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ti gbé e gòkè, ó di ìgbà tí ìsìn bá parí tí àwọn ọ̀dọ́ sì ráyè. Obìnrin wo ni yóò pe géńdé mẹ́rin láàárín ìwàásù pé òun fẹ́ tọ̀? Nítorí náà, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kì í ti í mu omi mọ́. Mo gbé ife omi fún un nígbà kan, ètè rẹ̀ ti bó. Ó yí ojú kúrò.

"Gbé e lọ. Má dán mi wò."

Ọyẹ́ sì dé. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó dá orin sílẹ̀, ohùn náà sán bí ìkòkò gbígbẹ, ó tún un gbé, ó tún sán. Olórí akọrin sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn ìsìn: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ohùn yẹn sinmi ná. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bá yín lé e." Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ aṣọ akọrin rẹ̀, ó bá ọmọbìnrin tó gba ipò rẹ̀ dín èjìká aṣọ náà kù, ó lọ̀ ọ́ dáadáa, ó sì ní kí wọ́n má gbé òun gòkè mọ́. Àwọn aṣọ tó fọwọ́ rán ń gun àtẹ̀gùn lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan sábẹ́ àtẹ̀gùn kí ó máa gbọ́ ìsìn láàárín ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí a tì. Ó gbìyànjú rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó sílé.

Ǹ bá ti fara mọ́ ọn, ọ̀rẹ́ mi, bí kì í bá ṣe ti jẹnẹrétọ̀. Ìjọ ra ńlá kan, wọn kò sì lè gbé e kọjá pèpéle tó wà lẹ́nu ilé tí a kọ́ fún un. Kíá ni bíríkìlà dé. Alága fúnra rẹ̀ dúró tì wọ́n, wọ́n sì ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ dídán kan, tòun ti irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́, láti ẹnu géètì dé ilé jẹnẹrétọ̀. Mo dúró wò ó títí. Mo wá bi alága pé èwo ni èyí.

"Háà, bùrọ̀dá tíṣà! Ẹ ò rí i bó ṣe wúwo ni? Ṣé kí ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ kán ni?"

Ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà pé kí jẹnẹrétọ̀ dìde kí ó rìn. Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó gbọ́n jù mí lọ," ló wí. "Òun ò ṣe àmín."

Mo ti máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ojú líle ni ìkà ń ní. Mo ti wá mọ̀ pé ó lè ní ojú àánú, kí ó gbé ọwọ́ lé ọ lórí, kí ó súre fún ọ, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Èmi náà ṣì ń gbàdúrà fún ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ báyìí, ìró máṣíìnì nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń bu omi fún un. Ó máa ń mu ún tán pátápátá, kò sì ní kọrin.

Nítorí náà mo ń béèrè ní gbangba. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìkọ́lé tí ẹ mọ bí a ti ń ṣe ọ̀nà fún irin, kí ló dé tí ẹ kò ṣe é fún ènìyàn? Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tí ẹ buwọ́ lu ilé náà, ta ni ẹ ní kí òfin máa ṣọ́? Ẹ dáhùn. Ẹ má sì fi àmín dá mi lóhùn o.