Wáyà Tí Mo Yà, Tí Ojú Mi Ò Rí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ná. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mi ò lè dá gbé mì.

Tíṣà Physics ni mí nílé ìwé girama kan l'Ádéwọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ yín ò mọ̀ ni pé èmi àti Ráhmà, ọ̀rẹ́ mi, la jọ ṣe master's ní yunifásítì ní Tanke. Kí niṣẹ́ wa? Chip! Kọ̀ǹpútà kéékèèké pọ̀ nínú chip kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní router tó ń gba dátà, tó ń fi í ránṣẹ́ sí èkejì. Wáyà tó so àwọn router yẹn pọ̀ la ṣiṣẹ́ lé lórí, kí dátà lè máa sáré gba ibẹ̀ kọjá láìbàjẹ́.

Ọdún méjì gbáko la fi yà á lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tó kù ká lọ parí ẹ̀ lókè òkun, wọ́n fún Ráhmà ní físà, wọn ò fún mi. Mo sìn ín dé Ọ̀fà Garage, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń juwọ́. Ẹ̀rín wo gan-an?

Látìgbà náà, tẹ́nikẹ́ni bá bi mí nípa chip, mo máa ń ní mo ti gbàgbé. Irọ́ ni!

L'Ọ́jọ́rú, a wà ní break, ni Ráhmà pè mí lórí fídíò. Ó ní wọ́n ti ṣe chip wa jáde, àmọ́ wáyà tó gùn jù ń ba dátà jẹ́ tí wọ́n bá ti ní kó sáré. Òun ti wádìí ẹ̀ tì, ọ̀gá òun sì fẹ́ pa iṣẹ́ náà tì.

Mo bi í bóyá gbogbo wáyà ibẹ̀ ló ń gbé dátà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ráhmà, wọ́n ń dí ara wọn lọ́wọ́ ni! Ṣó o rántí ohun tá a jà lé lórí, tó o ní mò ń fi àkókò ṣòfò? Ètò tó ń dá ìdajì wáyà dúró díẹ̀, kí ìdajì kejì kọ́kọ́ lọ? Mo fi í síbẹ̀. Tàn án!"

Mò ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kíbọ́ọ̀dù.

"Alihamudulilaahi! Bùkọ́lá, kò bà á jẹ́ mọ́!"

Mo ní kó fi chip náà hàn mí. Kò tó èékánná ọmọ ìka mi. Mo ní, wáyà wa dà? Ó ní ojú lásán ò lè rí i. Mo ṣáà ń fìka pa ojú fóònù.

Ráhmà ní, "Ó yẹ kó o wà níbí."

Agogo lu, SS2 ti ń dúró dè mí.

Nígbà tá a jáde nílé ìwé, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Tanke, mo lọ sọ fún olùkọ́ wa àtijọ́ pé mo fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ chip. Ó ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ ṣe wá. Mo ti ń kọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á gbà mí o, ó sì ṣì ń wù mí kí n fọwọ́ ara mi di chip yẹn mú.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé àárò iṣẹ́ téèyàn fẹ́ràn kì í lọ torí pé a ní a ti gbàgbé. Ẹ sọ ọ́ jáde fún ẹnì kan!

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fi sílẹ̀ tọ́kàn yín ṣì ń fà sí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á lọ́kọ̀ọ̀kan.